Abẹ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ títì, torí abẹ rẹ̀ kì í dun ènìyàn. Kí ó tó fi í kan orí ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ fà á díẹ̀ ní apá ara rẹ̀. Bí ó bá dùn ún, yóò tún un pọ́n. Awọ apá òsì rẹ̀ ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún ti ń tọ́ abẹ wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò," ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà máa ń wí.

"Jókòó jẹ́ẹ́, kí n má baà gé etí ẹ!"

Orí dídán ni ọmọ náà fẹ́ràn. Láti kékeré, ọwọ́ bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí ẹyin ojú Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ di àwọ̀ ìyeyè, tí ikùn rẹ̀ sì wú, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ẹbí kan ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Òmíràn ń bá omi ìdọ̀tí wọlé, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Tirẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ó lè fara pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti apá rẹ̀ náà, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì wo apá náà. "Tí abẹ bá kan apá yín tán, ṣé ẹ máa ń sè é nínú omi híhó?"

"Mo máa ń fi aṣọ mímọ́ nù ún."

"Ẹ̀jẹ̀ tójú ò rí wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kó ará ilé wá fún àyẹ̀wò."

Láti ìgbà yẹn, kò bìkítà fún ikùn ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Kòkòrò náà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó. Ó wà nínú ti ọmọ.

"Oògùn wà tó lè dá a dúró," nọ́ọ̀sì wí.

Bíríkìlà náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bóyá èmi ni mo kó o ràn yín."

"Ta ló fi abẹ kàn ọ́ rí lẹ́yìn mi?"



Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ kó ẹrù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú abẹ láti dì í. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e dé apá kó tó rántí. Télọ̀ tó múlé tì í wọlé, ó jókòó sórí àga.

"Ẹ bá mi ṣe é kíá, mò ń kánjú."

"Dìde, ọ̀rẹ́ mi. Lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Kí ló ṣe mí?"

"Bóyá èmi àti abẹ mi ni."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba, ó ń dúró de abẹ.