Ọmọ Tí Mo Fìyà Jẹ ní Súkúrù, Ọkọ Mi Ni Nílé

Ẹ wá jókòó, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Inú ṣì ń bí mi o, ẹ má wulẹ̀ rò pé mo ti gbàgbé. Bí mo bá sọ̀rọ̀ líle nínú ẹ̀, ẹ fi jì mí. Bẹ́ ẹ ò bá sì fi jì mí, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i.

Àbújá la wà tẹ́lẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì: Ṣèyí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Fẹ́yi, ọmọ ọdún méje. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ epo ní Pọtakọ́tì, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Tíṣà ni mí. Ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí Mápó, n'Íbàdàn, ní kí n wá ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé fáwọn. Owó oṣù dáa, wọ́n sì ní àwọn ọmọ mi á máa kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀?

Ibi tá a máa gbé ló wá di ọ̀rọ̀. Mo ti rí fúláàtì kan lọ́nà Àkóbọ̀ tó wù mí. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní láti ìgbà wo lọmọ onílé ti ń háyà ilé? Ilé bàbá òun ń bẹ ní Bẹ́yẹrúnká, ẹsẹ̀ lásán ni mo máa fi rìn débi iṣẹ́, kí ni mo fẹ́ máa da pẹtiróòlù sí mọ́tò láràárọ̀ fún? Ó tún ní àwọn ọmọ wa, tó jẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n fi ń lá àlá, á ráyè gbọ́ Yorùbá, wọ́n á sì mọ àwọn èèyàn wọn.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Mo gbà, a sì kó dé.

Yàrá méjì ni wọ́n fún wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó ń pàṣẹ nílé yẹn ni Alájà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi lóbìnrin. Obìnrin tín-ín-rín ni, kì í pariwo. Bó bá ti wúkọ́ báyìí, gbogbo ilé á dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" ṣọ̀wọ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Ẹ má bá mi wí, ẹnu mi ò gbà á ni.

Ṣé ẹ mọ àṣà ilé ọkọ? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sílé náà kí wọ́n tó gbé ẹ wọlé ní ìyàwó, ọkọ ẹ ni. Ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ ẹ ni. Ì báà jẹ́ obìnrin, ọkọ ẹ ni! O ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Orúkọ tí ìwọ fúnra ẹ bá fún un lo máa fi pè é títí ayé.

Mo mọ gbogbo ìyẹn. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà lóòótọ́, àmọ́ ilé Yorùbá ni wọ́n ti kọ́ mi. Mo fún gbogbo wọn lórúkọ. Mò ń pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, mò ń pe òmíràn ní Eyínfúnjowó. Mórẹ́nikẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni mò ń pè ní Òpéléńgé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló ṣì wà. Ilé-ìwé wa ló sì ń lọ.

Ẹ ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ, àbí?

Iṣẹ́ igbákejì ọ̀gá ni láti dúró sí geètì láàárọ̀. Màá dá àwọn tó bá pẹ́ dé dúró, màá pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan sétí gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà, màá sì fún wọn níṣẹ́ ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, mo rí Òpéléńgé láàárín àwọn tó pẹ́ dé. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ìyàwó òun ló kúkú wà ní geètì!

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni kí n ṣe? Kí n fi í sílẹ̀, kí n fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ? Àbí kí n dúró níwájú ẹni tó ni ilé-ìwé, kí n ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú"? Mo pè é ní Mórẹ́nikẹ́. Òun àtàwọn yòókù ṣa pàǹtí yí pápá ká, wọ́n sì wọ kíláàsì lọ. Kò sẹ́ni tó nà án. Kò sẹ́ni tó bú u.

Ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Mo kúnlẹ̀ kí Alájà, kò dáhùn. Fẹ́yi kí i, ó fà á mọ́ra, ó ń ki ọmọ náà ní oríkì. Èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, àfi bí ẹni pé ìjókòó kan ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti yí padà. Omi tí mo pọn sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹnì kan á ti dà á nù kí n tó dé. Aṣọ tí mo sá, wọ́n á ká a, wọ́n á wọ́ ọ jọ sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí mo bá ti yọjú, wọ́n á panu mọ́. Àwọn èèyàn tí mò ń ra búrẹ́dì fún!

Ìyá Òpéléńgé nìkan ló wá bá mi nínú yàrá, ó ṣe bí ẹni wá tọrọ iyọ̀. Ìyàwó bíi tèmi lòun náà, ìyálé mi ni. Ó ní kí n má sọ pé òun sọ ọ́, àmọ́ ohun tí mo ṣe dáa, pípẹ́ tọ́mọ náà ń pẹ́ ti sú òun. Ó ní síbẹ̀síbẹ̀, kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ti kúnlẹ̀ fún èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé yìí, orúnkún òun ò gé. Mo fún un níyọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo àgbà ilé ti jókòó. Alájà bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá òótọ́ ni pé mo pe ọkọ mi lórúkọ níta gbangba, tí mo sì ní kó máa ṣa ilẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Mo ní ìyàwó ni mí nílé, mo sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ tíṣà ni mí ní ilé-ìwé.

"Ta ló wá fẹ́ ẹ," ó ní, "ilé-ìwé àbí àwa?"

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ fún Òpéléńgé lójú gbogbo ilé. Mo ní rárá o. Mo ní bí mo bá kúnlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi lálẹ́, ojú wo ni màá fi wò ó ní kíláàsì láàárọ̀? Ẹnikẹ́ni ò jà. Alájà kàn ní kí n máa lọ sókè, ó wúkọ́, wọ́n sì túká. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tá a jáde ilé-ìwé, mo lọ mú àwọn ọmọ mi ní kíláàsì wọn. Kò sí Ṣèyí, kò sí Fẹ́yi. Tíṣà wọn ní ìyá wọn àgbà ti wá mú wọn lọ láti ọ̀sán. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ geètì. Ọmọ Ọjà'ba ni, ojú Alájà ni wọ́n ṣe bí i. Ó ní òun kí wọn, òun sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ṣé kóun wá bi Alájà pé ta ni?

Mo sáré. Ẹ bá mi wò ó, tèmi ti bàtà gogoro, láàárín ọjà, tí mò ń kọlu ẹlẹ́rù! Gbogbo ohun tí mò ń rò ni pé, wọ́n lè mú wọn. Wọ́n lè mú ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó máa dá wọn dúró ní gbogbo àdúgbò yìí.

Mo bá wọn lọ́ọ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ dòdò. Alájà ti mú wọn lọ sí ilé-ìwé mìíràn, níbi tí ọmọ ilé wọn kan ti jẹ́ ọ̀gá. Wọ́n ti gbà wọ́n wọlé. Télọ̀ ti wọn yúnífọ́ọ̀mù wọn.

"Ọmọ ilé yìí ò ní kàwé níbi tí wọ́n ti ń tàbùkù ilé yìí," ó ní. "Ìwọ máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ ò lọ mọ́."

Òpéléńgé fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ilé-ìwé wa ló ṣì ń lọ o! Ìdánwò ẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn ò lè mú òun kúrò. Tèmi nìkan ni wọ́n mú.

Mo pe ọkọ mi, mò ń sunkún. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó wá ní kí ló wà nínú kíkúnlẹ̀? Ó ní ìyá òun kúnlẹ̀ fún wọn títí tó fi kú. Mo ní wọ́n mú ọmọ mi kúrò níléèwé láìsọ fún mi!

"Ilé bàbá wọn ni wọ́n wà," ó ní. "Ta ló gbé wọn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́ọ̀dẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Òpéléńgé, ọkọ mi, ẹ má bínú." Ọmọ yẹn ò lè wò mí lójú. Ó ń sunkún, ó fẹ́ sá, Alájà ló di èjìká ẹ̀ mú. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí báyìí. Kò ṣe mí lọ́jọ́ náà. Alájà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, pé àwọn ọmọ mi á sin mí, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Mo kórìíra àdúrà yẹn ju èébú lọ.

Àwọn ọmọ padà sí ilé-ìwé wa. Kò sẹ́ni tó da omi mi nù mọ́. Wọ́n tún ń gbé oúnjẹ wá fún mi, wọ́n ní ìyàwó gidi ni mí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Ṣèyí bọ̀ lókè wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀. Kò bú mi, kò fajú ro. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Alájà."

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn. Kí ni mo fẹ́ bá ọmọ wí sí? Ṣebí ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀. Ó ti mọ ẹni tó ni àṣẹ, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tá a máa háyà.

Yàrá méjì ni mo rí ní Yemetu. Omi ò yọ dáadáa, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì fẹ́ẹ̀ fọ́ wa létí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tá a ń kẹ́rù, Alájà ò di ẹnikẹ́ni mú. Ó ní àlejò ló ń lọ, onílé á padà wá. Mo ní ó dàbọ̀, mà. Òòró ni mo wà tí mo fi sọ ọ́.

Ọkọ mi gba ìsinmi wá sílé lóṣù tó kọjá. Bẹ́yẹrúnká ló sùn. Ó wá sọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án, ó bá àwọn ọmọ ṣeré, ó jẹun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dìde. Ó ní òun ò lè sùn nílé ìháyà nílùú tí ilé bàbá òun ti wà ní ìdúró, kí ni kóun wí fáráyé? Mi ò bẹ̀ ẹ́. Fẹ́yi bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun ń lọ sílé.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ fẹ́ gbé lọ síbòmíràn, ẹ máa béèrè omi, ẹ béèrè iná, ẹ béèrè ilé-ìwé tó dáa. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kó ọmọ wọ ilé kan, ẹ béèrè ẹni tó máa ní àṣẹ lórí wọn níbẹ̀. Ilé ọ̀fẹ́ yẹn, ó wọ́n ju èyí tí mò ń sanwó ẹ̀ yìí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé agbo ilé ọkọ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ sọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ sì lè bú mi tó bá wù yín. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Mo ti bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, wọ́n rí mi.