Ìró Tó Sun Ìta

Ọjọ́ Ẹtì kan nígbà òjò èṣí ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Àwa obìnrin ìjọ wa ní Odò-Ọwá máa ń pọnmi fún àwọn àgbà tó ń dá gbé, kí wọ́n lè wà nílé ara wọn. Màmá Àdùkẹ́ wà lára àwọn tó wà lọ́wọ́ mi. Àdéhùn wa ni pé tó bá ti jí, á sá ìró aláró rẹ̀ sórí okùn iwájú ilé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ká a wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí ìró lórí okùn. Mo ní, "Màmá ti jí," mo bá kọjá lọ sílé kejì.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo tún wo okùn náà. Omi ń kán lára ìró náà, bẹ́ẹ̀ láti òru ni òjò ti dá. A jẹ́ pé kò ká a wọlé nírọ̀lẹ́ àná.

Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Màmá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, kò lè gbé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Ṣọlá, mo gbúròó ẹsẹ̀ rẹ láàárọ̀. Mo pè ọ́ títí."

Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó ṣì ń sá ìró. Èmi kì í wo okùn mọ́. Mo máa ń kanlẹ̀kùn, n kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dáhùn.