Abẹ̀bẹ̀ Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Mo Rẹ́ sí Méjì

Òórùn àdín ló jí ọkàn mi láàárọ̀ yìí. Fúnmi, ọmọ Dayọ̀ àbúrò mi tí a sin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló gbé ẹrù gbọọrọ kan wá láti Òṣogbo, ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e. N kò tíì tú u tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Abẹ̀bẹ̀ onígi ni, irú èyí tó ń yí nímú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù láyé ogun Jámánì àkọ́kọ́. Káfíńtà rélùwéè ni bàbá wa, ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Apá méjì ló ní, ó gùn ju èèyàn lọ. Pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, ṣùgbọ́n èékánná rẹ ò lè mọ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Bàbá gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn pálọ̀ ní Ìpetu. Ìyá Kọ̀mfọ́ọ̀tì, aládùúgbò wa, kò gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé títí ó fi kú. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, ó ní bọ́ǹbù lè ṣẹ́kù síbẹ̀.

Bí Kérésì bá ku ọ̀la, èmi àti Dayọ̀ á gun àga, a ó fi àdín kùn ún. Apá òsì ni tèmi, apá ọ̀tún ni tirẹ̀, tirẹ̀ ló sì máa ń dán jù. Lẹ́yìn náà la ó jọ fẹnu fẹ́ ẹ, bóyá yóò yí.

Nígbà tí Bàbá kú, ìdí igi ni wọ́n fi pín ogún: ìyá méjì ló bí wa, ìpín di méjì. Ilé àti oko kòkó pín wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá ku abẹ̀bẹ̀. Bàbá Jéémíìsì, olórí ẹbí, wò ó sókè wò ó sílẹ̀, ó ní ṣebí apá méjì náà ni, kí wọ́n mú ayùn wá. Gbogbo àgbà ní òótọ́ ni.

Dayọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. “Bọ̀dá mi, ẹ mú un lódidi. Mi ò fẹ́ nǹkan kan ńbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ.”

Mo rò pé ọgbọ́n ló ń dá, kí ayé lè máa sọ pé mo jẹ ìpín ọmọ ìyá kejì mọ́ tèmi. Mo ní kó dìde. Mo gba ayùn, ayùn Bàbá, mo rẹ́ ẹ fúnra mi. Dayọ̀ gbé ìlàjì tirẹ̀ lọ sí Òṣogbo, kò tún sùn ní Ìpetu mọ́ láyé rẹ̀.

Mo tú ìró náà. Gbogbo ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, àfi ojú ayùn mi. Bí mo ṣe rẹ́ ẹ ní wọ́gọwọ̀gọ náà ló fi í sílẹ̀.

Fúnmi ní, “Kò sí Kérésì tí Dádì kì í kùn ún. Wọ́n ní tí àwọn bá kú, ká gbé e wá fún yín, kó lè bá tiyín pé. Tiyín dà, Bàbá?”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún un pé ilé adìyẹ ni mo fi í tẹ́, pé ikán ti jẹ ẹ́ tán?

Títì ti gba ojúde wa kọjá, pálọ̀ Bàbá ti wó, a ṣì ń fi ìdí igi pín ogún. N kò bú àṣà. Ọwọ́ tèmi ló di ayùn mú. Kérésì ń bọ̀, mo ti ra àdín. Apá ọ̀tún ni màá kùn, èyí tí kì í ṣe tèmi. Kò sì sí ẹni tí a ó jọ fẹ́ ẹ.