Ìyá Ìbejì Wo Ni Wọ́n Ń Pè?

Ike ni mò ń tà ní Kemta: bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́tùlù, abọ́ tí ọmọ iléèwé fi ń gbé oúnjẹ. Ìwé mi ò jìnnà. Bí mo bá sọ ibi tí mo kà á dé fún yín, ẹ máa ní ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, ẹ ò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí Ọlọ́run fún mi yìí, kò sí yunifásítì tó ń fúnni ní irú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi sọ fún mi pé àdírẹ́sì ló fẹ́ pa òwò òun, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín.

Mo ní, "Àdírẹ́sì wo? Ṣọ́ọ̀bù tí o gbà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ yẹn ti rìn kúrò níbi tó wà ni?"

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Òwò íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe. Ó ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, òun ló fi ń fa nẹ́tíwọ̀kì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fún àwọn tó ń gbà wọ́n sílé, àti fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àwa oníke ló dáwó tó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbogbo wa la jọ ni òpó náà. Wàhálà tó wá dé ni pé ọkùnrin kan tó ní ilé ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù, fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà kì í gbé Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó fi kámẹ́rà sí ẹnu géètì, ó fẹ́ máa wò ó láti ibikíbi tó bá wà, kò sì rí i wò. Ó ti ní bí oṣù yìí bá parí tí kò tíì rí i wò, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lòun ń lọ. Bó bá sì lọ, àwọn tó kù á tẹ̀lé e bí ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, òpó ọmọ mi á wá di ibi tí ẹyẹ ń sùn sí.

"Kí ló dé tí kò rí i wò?"

Ó ní ohunkóhun tó bá máa wọ íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kí ọ̀rọ̀ lè mọ ibi tó ń lọ. Àwọn nọ́ńbà àtijọ́ ti tán láyé. Ẹni tó bá fẹ́ sí i, àfi kó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ní i tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í tà á lówó pọ́ọ́kú. Ìwọ̀nba tí òun ní, gbogbo oníbàárà òun ni wọ́n jọ ń lò ó. Bí èèyàn bá ti inú ilé jáde lọ wá nǹkan níta, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ìta wá, tó ní kámẹ́rà lágbájá lòun ń wá, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Nọ́ńbà kan, èrò rẹpẹtẹ: ta ni kí wọ́n pè fún un?

Ọmọ mi rò pé ọ̀rọ̀ náà ló ga jù mí lọ. Kò mọ̀ pé pálọ̀ ìyá mi ni mo ti padà sí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òwu, ilé wa nìkan ló ní fóònù ní àdúgbò. Fóònù dúdú orí tábìlì ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Bàbá mi ló gbà á kó tó kú. Ìyá mi wá fi òwú funfun hun aṣọ bò ó bí ẹni bo ìyàwó lójú. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn, nọ́ńbà gbogbo àdúgbò ni. Ẹni tó lọ́mọ ní Èkó, ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà wa ni wọ́n fún wọn. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n á ti máa dé, àwọn tó ti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì wá àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, wọ́n á jókòó lórí àga, lórí ẹní, títí dé orí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan á gbé ẹ̀pà sísun wá, gbogbo wa á jọ jẹ ẹ́. Wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á ṣàdúrà fún ara wọn, nígbà míì nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bí fóònù bá wá dún, gbogbo ẹnu á pa mọ́. Ìyá mi á gbé e, á fi ohùn kan tí kì í lò fún àwa ọmọ rẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀lóò, ta lẹ̀ ń fẹ́?"

Ibẹ̀ ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa dárúkọ àgbàlagbà lórí fóònù? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n bá àwọn pe Àlàájà, ìdajì pálọ̀ ló máa dìde. Bí wọ́n bá ní Ìyá Ìbejì, a ní àgbà kan, a ní ọ̀dọ́ kan. Ìyá mi ló ń tú u. Ó mọ ohùn olúkúlùkù, ó mọ ẹni tí kálukú ń retí. Àfi ọjọ́ tó lọ kí aláìsàn, tí fóònù sì dún.

Ìyá Ìbejì àgbà ló jókòó tì í, ló bá gbé e. Ẹnì kan ní, "Ẹ bá mi pe Ìyá Ìbejì." Ìyá àgbà ò ṣe méjì, ó ti ń retí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tipẹ́. Àdúrà ló bẹ̀rẹ̀. Fóònù ń hó, ìyá ń ṣàdúrà, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń ṣe àmín. Láàárín àmín kan sí èkejì ló rí ibi sọ pé ọ̀la lòun ń bọ̀ nílé. Fóònù já. Ìyá àgbà dìde, ó jó yí pálọ̀ po, ó lọ pa adìyẹ.

Ọkọ Ìyá Ìbejì kékeré ló pè. Atukọ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi wọn yà ní Èkó, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún un. Ó rò pé àgbà àdúgbò ló kàn ń súre fún òun, pé wọ́n á jíṣẹ́. Nígbà tó dé, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ìbejì ti lọ oko ìdílé. Ilé Ìyá Ìbejì àgbà ni wọ́n ti fún un lóúnjẹ, ó jẹ adìyẹ tí wọ́n pa de ọmọ ọlọ́mọ, ìyá sì ń fi ìborùn nu ojú. Ó padà lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ó bá àpò ẹrù ọkọ nílé, kò bá ọkọ.

Ìyá Ìbejì kékeré yẹn ni Àlàájà, alága ẹgbẹ́ wa lónìí. Ọwọ́ rẹ̀ lowó wà.

A ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi dìde, ó ṣàlàyé pé irú nọ́ńbà tuntun kan wà, ó pọ̀ débi pé gbogbo kámẹ́rà, gbogbo fóònù, ló máa ní tirẹ̀, pé kí ẹgbẹ́ fún òun lówó ra ẹ̀rọ tó lè lò ó.

Àlàájà ní, "Èyí tí à ń lò, ó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá mà, ó kún ni."

"Kí wọ́n sún mọ́ra."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra yẹn ló ń jẹ wá lówó. Ẹ̀rọ tó ń pín nọ́ńbà kan fún wọn, bí oníbàárà bá ṣe ń pọ̀ sí i la ó máa ra èyí tó tóbi sí i. Fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ tuntun yìí kí n tó dá a lábàá. A ó sì máa lo méjèèjì pọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní já sọ́nà."

Àlàájà ní, "Ohun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ta ló máa rà á?"

"A ò ní tà á, màmá. Ohun tó ń gba orí rẹ̀ kọjá la ó máa tà. Títì ni."

Òótọ́ lọ́rọ̀ náà, Àlàájà ò sì fẹ́ràn kí òótọ́ yára tó bẹ́ẹ̀. Ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, èyí tó túmọ̀ sí pé kò fẹ́. Mo ní, "Àlàájà, fóònù pálọ̀ ìyá mi ni ọmọ yìí ń sọ."

Ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìborùn.

"Ẹlẹ́nu ṣọbọlọ," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ mi. "Bí ọkùnrin yẹn bá wá kámẹ́rà rẹ̀ wá, tirẹ̀ gan-an ló máa dá a lóhùn? Wọn ò ní gbé e fún ẹlòmíì?"

"Bí a bá ti ṣílẹ̀kùn fún un, tirẹ̀ gan-an ni, mà."

"Ẹ jẹ́ kó rà á."

Oṣù ò tíì parí tí onílé Òṣíẹ̀lẹ̀ fi pe ọmọ mi. Ó ti rí géètì rẹ̀. Kò dúpẹ́ o, ó fi ẹjọ́ ewúrẹ́ kan sùn, tó ń jẹ òdòdó òun láti àárọ̀. Kò sì lọ mọ́.

Èmi ni mo wá ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí olúkúlùkù gba tirẹ̀, Sátidé kan ni pálọ̀ wa tú. Ìyá mi ṣì sun ẹ̀pà, ó jókòó ti fóònù, kò sẹ́ni tó wá. Nọ́ńbà olúkúlùkù lérè, mo ti gbà bẹ́ẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ọmọ mi rà tó lè kó àwọn obìnrin yẹn padà sórí àtẹ̀gùn.

Àlàájà máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì lòun wá wò. Kò ra bọ́kẹ́ẹ̀tì rí, ẹ̀pà ló máa ń gbé wá. Fóònù tirẹ̀ á wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tèmi á wà lórí káńtà, a ó máa bú ara wa. Bí ọ̀kan bá sì dún, èyíkéyìí kó jẹ́, àwa méjèèjì là ń pa ẹnu mọ́.