Serifat Ọmọ Ràmọ́nù àti Àrùn Ìgbàgbé

Kò sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí wọn ò ti mọ̀ mí, nítorí náà ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ìtàn Serifat. Ọmọ Ràmọ́nù ará Ṣakí ni, Ràmọ́nù tó ń di ojú gé bébà tí kì í fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Ràmọ́nù kú ni wọ́n bí Serifat. Ìyá ló padà wá, kò sẹ́ni tó jiyàn. Láàárọ̀ ọdún, bàbá rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún un, a ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Serifat ti di ìyá ọlọ́mọ, tí bàbá rẹ̀ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójoojúmọ́, tó ń tọrọ àyè kó lọ ṣeré níta, ẹ̀rín náà la ṣì ń rín. Ó pẹ́ kí a tó fura pé kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní Alusáímà ni, àrùn ìgbàgbé. Àwọn dókítà ń wádìí jíìnì tó lè fà á, ohun tí òbí ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, Serifat àti bàbá rẹ̀ sì fún wọn lẹ́jẹ̀. Ìyá àgbà yẹn náà gbàgbé èèyàn kó tó kú. Tó bá jẹ́ òun ló padà wá, ṣé àrùn ọ̀hún ò ní bá a padà?

Èmi ni mo bá a lọ gba èsì. Dókítà Ìbídàpọ̀ kò ju ọmọ mi lọ.

“Mọ̀mí, ẹ ní jíìnì náà, ẹyọ kan péré nínú méjì.”

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí tán lórí fóònù. “Ṣé bó ṣe ń mú òyìnbó ló ń mú wa?”

“Rárá, Bàbá. Ó le lára òyìnbó, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn ará Japan. Lára Yorùbá, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ẹlòmíì ní i, àrùn ò sì ní ṣe é. Ẹlòmíì ò ní i, á ṣe é. A ò tíì mọ ìdí rẹ̀.”

“Ti bàbá mi ńkọ́?” Serifat bi í.

“Wọn ò ní i rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá yín ni tiyín ti wá.”

Ìyá rẹ̀ wà ní Bàrígà, ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ láti ogójì ọdún.

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ẹ máa rìn dáadáa, ẹ máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò.”

A rìn dé Palmgrove. Mo ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

“Bàbá, kò sí nǹkan kan nínú mi tó ń dún bí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́,” ló wí.

Fareedah, ọmọ rẹ̀, ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ìyá rẹ̀. “Mọ̀mí, kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.”

Serifat wọlé lọ tan ẹ̀rọ.