Síríńjì Ajá Fẹ́ Wọ Ẹnu Ọmọ

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fojú rí.

Mo yà sílé àbúrò mi l'Abúlé Òkúta lónìí. Ìyàwó rẹ̀ ń fi síríńjì fún ajá wọn lóògùn aràn. Ajá ń gé síríńjì náà jẹ, itọ́ ń ṣàn sí i lára. Ó ṣe tán, ó da omi sí síríńjì yẹn, ó tún fẹ́ fi fún ọmọ rẹ̀ lóògùn ikọ́!

"Ìyá Tómi, ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣáà ti fọ̀ ọ́."

Mo já a gbà, mo sọ ọ́ sí gọ́tà, mo fi ṣíbí fún ọmọ lóògùn.

Ó ní àṣejù ti wọ tèmi, pé ajá àwọn mọ́ ju èèyàn mìíràn lọ.

Ló bá fi ọwọ́ yẹn kan náà bu ìrẹsì fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ̀yin máa jẹ ẹ́?