Ayálégbé Tó Wá Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nílé Wa

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí mi ò tíì ga ju ẹ̀rọ omi àgbàlá wa ní àdúgbò Williamsville lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá gba yàrá lọ́dọ̀ bàbá mi. Ọmọ ilẹ̀ ibí ni, ẹ̀yà Baoulé, ó sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì ní Cocody. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ẹ ní sùúrù ná.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo àwa tó wà nínú ilé náà. Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Adjamé, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì sì ń tajà nítòsí rẹ̀. Àlejò kì í sábàá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Yàrá kan ṣófo ni bàbá mi ṣe gbà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó kẹ́rù dé ló ti ń béèrè pé, pẹ̀lú bí yàrá ṣe pọ̀ nígboro tó, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa? Igi gangan-ran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìwà ọmọ náà ò sì ràn án lọ́wọ́. Kì í jókòó sínú yàrá rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa bá ń fọṣọ, á gbé àpótí rẹ̀ sítòsí ẹ̀rọ omi. Bí àwọn bàbá wa bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, tí wọ́n tẹ́ní sábẹ́ igi máńgòrò, á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á dákẹ́, á tẹ́tí. Èyí tó wá burú jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kí wọn. Nínú ìlú tí gbogbo ayé ti ń sọ Faransé, á tẹrí ba fún bàbá mi láàárọ̀, á ní, "Gúdù mọ́níìn, sà." Bàbá mi á wò ó láti òkè délẹ̀, á dáhùn pé, "Bọ́ńjúù."

Bàbá mi rò ó títí, ó ní òun ti rí ìdí rẹ̀: wọ́n rán an ni. Ó fẹ́ mọ ẹni tó máa dá a lóhùn, kó lè mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé láìníwèé, kó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé. Àṣẹ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo dàgbà, torí ta ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn? Yorùbá ni wọ́n ní, àti Jùlá ọjà, àti Faransé tí wọ́n ń fọ́. Ẹni tó gbọ́ jù nínú wọn ò mọ̀ ju "kọ́ọ̀mù" àti "gó" lọ, òun náà sì gbé méjèèjì pa mọ́.

Elétí-Ọfẹ ni wọ́n sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣà ilé wa ni pé ohun tí a ò bá fẹ́ kí àlejò gbọ́, Yorùbá la fi ń sọ ọ́, a ó sì máa rẹ́rìn-ín sí i bíi pé a ń yìn ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi tó kéré jù ń sọ lábẹ́ igi yẹn pé òun ò tíì gba pàtáǹtì, ìwé àṣẹ ìtajà tí àwọn ará mérì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, máa ń béèrè. Elétí-Ọfẹ jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará mérì ti ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi pa. Ta ni ẹ rò pé wọ́n di ẹrù ẹ̀bi náà lé lórí?

Wọ́n pè é sábẹ́ igi. Bàbá mi fi Faransé bi í pé ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé nìkan kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí oníkálukú lọ bá àwọn tó ń sọ ọ́ gbé. Àwọn ọmọ olówó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn lọ sí Accra. Òun ò ní agbára rẹ̀, lòun ṣe wá ilé àwọn ará Nàìjíríà lọ, torí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ń fẹnu ṣe ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é tán.

Bàbá mi kọjú sí àwọn àbúrò rẹ̀, ó fi Yorùbá sọ pé, "Irọ́ ló ń pa. Kó kẹ́rù ẹ̀ lọ́la. Ìdánwò ẹ̀ ò kàn wá."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Mi ò purọ́. Èmi Elétí-Ọfẹ yín ò sọ nǹkan kan fún ará mérì."

Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó já geere, àní ó ní ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ nínú. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó ti sọ lójú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló wá wá, Yorùbá ló bá pàdé, ó sì gbọ́ ọ láìsí olùkọ́. Ó yẹ ká yìn ín, ṣùgbọ́n ohun tó fi gbèjà ara rẹ̀ náà ló dá a lẹ́bi. Bàbá mi bi í pé, "Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́ wa?"

Ó kó lọ kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ga. Ọ̀sán ọjọ́ náà la gbọ́ pé gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n tì, kì í ṣe ti àbúrò bàbá mi nìkan. Bàbá mi ní bó ti wù kó rí, ó ṣáà ń gbọ́ wa. A ò mọ bó ṣe ṣe ìdánwò náà. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di báyìí.

Ayé ti yí. Koumassi Remblais ni mò ń gbé báyìí, àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Àlejò gbọ́ èdè wa, a lé e. Ọmọ tí a bí, à ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin náà ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. Fóònù rẹ̀ ló ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, fóònù á sì dá a lóhùn. Mo bi í pé ta ló wà nínú ẹ̀, ó ní kò sẹ́nì kankan. Mi ò gbà á gbọ́. Ohun tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé, òun la wá gbé sórí tábìlì oúnjẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ sí Accra, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ti rí yàrá nínú agbo ilé àwọn Gáà, ẹ̀yà tó ni ìlú náà. Oorun ò kùn mí látìgbà tí mo ti gbọ́. Mo pè é, mo sọ ìtàn yìí fún un, mo ní, "Èdè tiwọn ni wàá máa gbọ́ nínú àgbàlá. Ọjọ́ tí o bá ti gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀, ọjọ́ náà ni kí o fi kí wọn. Má fi pa mọ́ o."

Ó ní, "Mémé, y a fohi, wọ́n máa gbà mí." Mémé ló ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀; y a fohi ni bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń sọ pé kò sí wàhálà. Ó wá bi mí pé kí ni orúkọ ọmọkùnrin náà gan-an.

Nínú gbogbo ilé wa, kò sẹ́ni tó bi í rí.